Ṣé ẹ pa kọ̀ǹpútà yẹn ni, àbí ó kàn ń sùn?

Tí ẹ bá ṣí Start lórí Windows, tí ẹ sì tẹ àmì Power, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló sábà máa ń yọ: Sleep, Shut down àti Restart. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà kan, Hibernate náà á wà níbẹ̀. Lórí èyí tó pọ̀ jù, wọ́n ti fi í pamọ́. Gbogbo wọn ló máa ń mú kí ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n, pé èyí tó bá ti wu èèyàn ló lè tẹ̀. Ẹni tó ń gbé níbi tí iná kì í ti í lọ lè máa ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó máa ṣe é. Ní Ìkòròdú níbí, ẹni tó bá tẹ èyí tí kò yẹ kó tẹ̀ lè pàdánù iṣẹ́ tó ti ń bá bọ̀ láti àárọ̀.

Ẹ má sì fọkàn sí i pé ìtòsí ló máa gbà wá. Ìjẹ̀dẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí ni ilé iṣẹ́ amúnáwá Egbin wà, wọ́n ti ṣí i láti 1985, ó sì lè mú 1,320 megawatt jáde tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ń ṣiṣẹ́. Orí wáyà gbogbo orílẹ̀-èdè ni iná yẹn ń gbà lọ kó tó padà wá bá wa. Band A tí wọ́n ní iná rẹ̀ dára jù, wákàtí 20 lóòjọ́ ni wọ́n ṣèlérí fún un. Wákàtí mẹ́rin tó kù ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ibi tí iṣẹ́ yín wà

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ya Sleep kúrò lára Hibernate: tí ojú kọ̀ǹpútà bá ti ṣókùnkùn, níbo ni iṣẹ́ tí ẹ ṣí sílẹ̀ wà?

Gbogbo ohun tí ẹ bá ṣí, lẹ́tà tí ẹ ń tẹ̀, ojú ewé tí ẹ ń kà, ìṣirò Excel tí ẹ ò tíì Save, inú RAM ni wọ́n wà, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí. RAM yára púpọ̀, àmọ́ kò lè dá nǹkan dì mú láìsí iná. Àwọn àyè kéékèèké ló ń tọ́jú iná sí, iná náà sì ń jò kúrò nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi gbọ́dọ̀ máa tún wọn kún léraléra, kí ìdá 64 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Tí iná bá já, kò sẹ́ni tó máa tún wọn kún mọ́, ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ á sì dàwátì. Dísìkì ò rí bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ hard disk tó ń yí tàbí SSD tí kì í yí. Ohun tí ẹ bá kọ sórí rẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà, iná wà o, iná ò sí o.

Ẹ wo oníṣòwò kan ní ọjà Sábó. Tí ebi bá ń pa á, ó lè fi ọjà sílẹ̀ lórí àtẹ, kó ní kí ọmọ kan bá òun máa wò ó. Bó bá ṣe ń dé ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í tà, àmọ́ tí ọmọ yẹn bá sá lọ ṣeré pẹ́nrẹ́n, ọjà ti di ti ẹlòmíì. Sleep nìyẹn: ọjà wà lórí àtẹ, ìyẹn nínú RAM, iná sì ni ọmọ tó ń ṣọ́ ọ. Tó bá di alẹ́, á kó gbogbo rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, á ti ilẹ̀kùn, á gba ilé lọ. Lọ́jọ́ kejì, àtúnpàtẹ á gba àkókò díẹ̀, ṣùgbọ́n kò nílò ẹni tó máa ṣọ́ ọ mọ́jú. Hibernate nìyẹn.

Nínú Sleep, kọ̀ǹpútà á dá ọpọlọ rẹ̀ dúró, á dá dísìkì àti fáànù dúró, á wá fi iná tín-ín-rín sílẹ̀ fún RAM àti ohun díẹ̀ tó máa jí i. Tí ẹ bá fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ ti bá iṣẹ́ yín níbi tí ẹ fi í sí. Nínú Hibernate, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ da ohun tó wà nínú RAM kọ sórí dísìkì, á wá pa ara rẹ̀ pátápátá. Ẹ lè yọ wáyà kúrò lára ògiri, ẹ lè gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́, ẹ lè fi í sílẹ̀ fún oṣù kan. Tí ẹ bá tún tàn án, á ka gbogbo rẹ̀ padà sínú RAM, lẹ́tà yín á sì yọ pẹ̀lú ibi tí ẹ ti dánu dúró. Lórí SSD, kì í pẹ́. Lórí hard disk àtijọ́, ẹ óò dúró díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó iná. Àwọn kan ò fẹ́ Sleep nítorí wọ́n rò pé ó ń jẹ yúníìtì. Dẹ́sítọ́ọ̀pù tó ń sùn kì í sábà jẹ ju wáàtì díẹ̀ lọ. Ká ní ó jẹ́ wáàtì 3: fún wákàtí 24 lóòjọ́, fún ọjọ́ 30, yúníìtì méjì àti díẹ̀ ni. Lórí ₦225 tí wọ́n kéde fún yúníìtì kan fáwọn Band A ní April 2024, kò tó ₦500 lóṣù. Ẹ wá wo dẹ́sítọ́ọ̀pù kan náà tí wọn ò jẹ́ kó sùn, tó ń jẹ wáàtì 60 lásán fún wákàtí 14 láti ìrọ̀lẹ́ dé àárọ̀: yúníìtì 25 lóṣù, owó rẹ̀ sì ju ₦5,600 lọ. Ẹni tó bá ní Sleep ló ń jẹ yúníìtì òun, kó lọ yẹ fíríìjì rẹ̀ wò.

Dẹ́sítọ́ọ̀pù àti iná tó ń lọ tó ń bọ̀

Ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, irú ọ̀rọ̀ báyìí ò ṣàjèjì:

"Bọ̀dá kọ̀ǹpútà, mo pa á kí n tó lọ jẹun o. Ibo wá ni lẹ́tà mi wà?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ́mì. Ẹ ò pa á mà, Sleep lẹ tẹ̀. Ẹ̀yìn yín ni wọ́n mú iná lọ."

"Kí ló dé tí wọ́n wá fi sí i, nígbà tí kò lè dá dúró?"

Ìbéèrè Mọ́mì bọ́gbọ́n mu. Dẹ́sítọ́ọ̀pù ò ní bátìrì. Bí iná bá ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, kódà tí wọ́n kàn ń yí i láti orí iná ìjọba sórí jẹnẹrétọ̀, RAM ti gbàgbé ohun gbogbo. Àwọn tó ṣe Windows náà mọ̀, nítorí náà láti ìgbà Vista ni wọ́n ti fi ohun kan tí wọ́n ń pè ní hybrid sleep sí i. Tí hybrid sleep bá wà ní On, tí ẹ sì tẹ Sleep, kọ̀ǹpútà á ṣe méjèèjì pọ̀: á kọ ohun tó wà nínú RAM sórí dísìkì, á sì tún fi iná díẹ̀ sílẹ̀ fún RAM. Bí iná ò bá lọ, ẹ óò bá iṣẹ́ yín kíákíá. Bí iná bá lọ, á ka èyí tó wà lórí dísìkì. Kò sí ohun tó tún yẹ dẹ́sítọ́ọ̀pù Ìkòròdú ju èyí lọ, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kì í sábà mẹ́nu bà á.

Ibi tí ẹ ti máa rí i ni Control Panel. Ẹ wọ Hardware and Sound, lẹ́yìn náà Power Options, ẹ tẹ Change plan settings, lẹ́yìn náà Change advanced power settings. Fèrèsé kékeré kan á yọ. Ẹ ṣí Sleep nínú rẹ̀, ẹ óò rí Allow hybrid sleep. Ó sábà máa ń wà ní On lórí dẹ́sítọ́ọ̀pù. Tí ẹ ò bá rí i rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó bá yín fi Windows sí i ti pa Hibernate kí àyè lè pọ̀ lórí C:, ìyẹn dísìkì tí Windows wà. Bí Hibernate bá ti kú, hybrid sleep náà kú nìyẹn, nítorí fáìlì kan náà ni wọ́n jọ ń lò.

Fáìlì yẹn ni hiberfil.sys. Kì í hàn síta lásán, àmọ́ ó tóbi: lórí Windows 10 àti 11, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún RAM yín ló máa ń gbà. Ẹni tí RAM rẹ̀ jẹ́ 8GB, á gbà tó 3.2GB, ẹni tó ní 16GB, á gbà tó 6.4GB. Windows máa ń fún ohun tó ń kọ síbẹ̀ pọ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi nílò àyè tó dọ́gba pẹ̀lú RAM. Mo mọ̀ pé dísìkì 128GB tó ti kún máa ń mú kí èèyàn wá ohun tó máa pa rẹ́. Ẹ pa fíìmù tí ẹ ti wò tán rẹ́ ná. Ẹ fi hiberfil.sys sílẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ dá Hibernate padà, ẹ tẹ cmd (ibi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà) sínú àpótí ìwákiri, ẹ tẹ Run as administrator, kí ẹ wá kọ powercfg /h on, kí ẹ sì tẹ Enter. Kò ní sọ ohunkóhun fún yín. Bó bá dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ padà sí Power Options, ẹ tẹ Choose what the power buttons do, ẹ tẹ Change settings that are currently unavailable, ẹ máàkì Hibernate, ẹ sì Save. Láti ìsinsìnyí lọ, á máa hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sleep.

Ẹni tó bá ní UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró tí iná bá lọ, kó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ihò USB wà níbẹ̀. Tí ó bá wà, tí ẹ sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, Windows sábà máa ń rí UPS yẹn bí ìgbà tó rí bátìrì láptọ́ọ̀pù. Ẹ wá lè ní kó ṣe Hibernate fúnra rẹ̀ tí UPS bá fẹ́ kú. UPS tí kò ní ihò yẹn kàn ń ra ìṣẹ́jú díẹ̀ fún yín ni. Tí ẹ ò bá sí níwájú rẹ̀, ìṣẹ́jú yẹn á lọ lásán.

Ohun kan tún wà tí mi ò fẹ́ gbójú fò. Nínú BIOS ọ̀pọ̀ dẹ́sítọ́ọ̀pù, ìyẹn ojú ètò tí ẹ lè wọ̀ kí Windows tó bẹ̀rẹ̀, ẹ óò rí ètò kan tó ń sọ ohun tí kọ̀ǹpútà máa ṣe tí iná bá lọ tó sì padà dé. Orúkọ rẹ̀ máa ń yàtọ̀ díẹ̀, àmọ́ ẹ sábà máa rí AC tàbí Power nínú rẹ̀. Ẹ fi í sí Power Off. Iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé níbí máa ń pọ̀ jù nígbà míì, kò sì sí ìdí tí kọ̀ǹpútà yín fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ jáde lọ pàdé rẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù, pàápàá Tòkunbọ̀

Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, nítorí náà ó yẹ kí Sleep bá a mu. Ó bá a mu lóòótọ́, tí bátìrì bá ṣì ní láárí. Àmọ́ ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó wà lọ́wọ́ wa ló jẹ́ Tòkunbọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ lò ó lókè òkun ti jẹ adùn bátìrì rẹ̀ tán kó tó gbé e jù sílẹ̀. Irú rẹ̀ á ní òun ku ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ tó yíjú padà, ó ti kú.

Windows ti ní ètò fún bátìrì tó bá fẹ́ kú: tó bá ku bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, á ṣe Hibernate fúnra rẹ̀. Ìdá márùn-ún yẹn tó fún bátìrì tuntun. Bátìrì tó ti gbó kì í dé ibẹ̀. Láti orí 20 ló ti ń fò bọ́ sí òdo, Hibernate ò sì ní ráyè kọ nǹkan kan. Ẹ padà sínú fèrèsé Change advanced power settings yẹn, ẹ ṣí Battery, ẹ wá Critical battery level, kí ẹ gbé e láti 5 sí 25. Ẹ wò ó pé Hibernate ló wà níwájú Critical battery action. Iṣẹ́ tí kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ nìyí, òun ni màá sì kọ́kọ́ ṣe lórí Tòkunbọ̀ èyíkéyìí tí mo bá rà.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí bátìrì yín ṣe gbó tó, ẹ kọ powercfg /batteryreport nínú cmd. Á ṣe ojú ewé kan, á sì sọ ibi tó gbé e sí fún yín. Ẹ fi Full charge capacity wé Design capacity. Èkejì ni ohun tó lè gbà nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, èkíní ni ohun tó ń gbà báyìí. Tí èkíní ò bá tó ìdajì èkejì, ẹ má fi Sleep lé irú bátìrì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mọ́jú.

Èyí tó kú pátápátá ńkọ́, tó jẹ́ pé orí ṣájà ló ń gbé? Kọ̀ǹpútà yẹn kì í ṣe láptọ́ọ̀pù mọ́, dẹ́sítọ́ọ̀pù tó ní ìdérí ni. Kó máa ṣe Hibernate ni gbogbo ìgbà.

Láptọ́ọ̀pù tuntun náà ní wàhálà tirẹ̀, èyí tó sì máa ń ya àwọn tó fi owó gidi rà á lẹ́nu jù. Ní December 1996 ni Intel, Microsoft àti Toshiba gbé ìlànà tó ń jẹ́ ACPI jáde, lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń lo iná, ibẹ̀ ni àwọn àmì bíi S3 àti S4 ti wá. S3 ni Sleep tí mo ti ṣàlàyé, S4 ni Hibernate. Àmọ́ Microsoft wá fẹ́ kí láptọ́ọ̀pù máa jí kíá, kó sì máa gba lẹ́tà íméèlì nígbà tó ń sùn. Wọ́n dá Modern Standby sílẹ̀. Nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà kì í sùn tán. Ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, àmọ́ ó lè máa wo Wi-Fi, ó lè máa fa àtúnṣe Windows wọlé, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ ìdérí tí ẹ ti pa dé.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina tó ń gbé ní Agric á pa ìdérí dé ní aago márùn-ún, á sọ ọ́ sínú báàgì, á wọ BRT. Kí ó tó la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Máìlì 12 já, báàgì ti lè gbóná lórí itan rẹ̀. Tó bá délé tó ṣí i, bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó máa rò pé wọ́n ta ayédèrú fún òun. Kì í ṣe ayédèrú. Kọ̀ǹpútà ò sùn ni, afẹ́fẹ́ ò sì ráyè wọlé sí i nínú báàgì. Ooru yẹn sì wà lára ohun tó ń ba bátìrì lithium jẹ́ jù.

Láti mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ kọ powercfg /a nínú cmd. Tí ẹ bá rí Standby (S3) lára àwọn tó wà, Sleep àtijọ́ ni. Tí ẹ bá rí Standby (S0 Low Power Idle), Modern Standby ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín pé òun fẹ́ yí i padà sí S3. Tí ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù náà ò bá fi S3 sínú rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ má jẹ́ kó máa sùn nínú báàgì. Ẹ wọ Control Panel, Power Options, ẹ tẹ Choose what closing the lid does. Òpó méjì ló wà níbẹ̀, On battery àti Plugged in. Lábẹ́ On battery, ẹ fi Hibernate sí iwájú ìdérí. Lábẹ́ Plugged in, ẹ fi Sleep síbẹ̀. Tí ẹ bá wà nílé tí ṣájà wà lára rẹ̀, á máa jí kíá fún yín. Tí ẹ bá yọ ṣájà tí ẹ sì pa á dé, á kó ẹrù rẹ̀ wọlé, á sì tutù nínú báàgì.

Ẹ dúró fún un ná kí ẹ tó gbé e, pàápàá tó bá jẹ́ hard disk tó ń yí. Iná ara rẹ̀ á kú tó bá ti kọ̀wé tán.

Àwọn kan á ní Hibernate ń pa SSD, torí pé kíkọ ni SSD fi ń gbó. Òótọ́ ni pé kíkọ ń mú un gbó, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní kọ̀ǹpútà yín ń kọ 5GB lójoojúmọ́ nítorí Hibernate. Kò tó terabyte méjì (ìyẹn 2,000GB) lọ́dún. SSD 250GB wà tí àwọn tó ṣe é fọwọ́ sọ̀yà pé ó lè gba terabyte 150 kí ó tó di pé wọn ò ní dáhùn fún un mọ́. Ohun mìíràn ni yóò pa kọ̀ǹpútà yẹn.

Shut down tí kì í ṣe pípa

Láti Windows 8, tó jáde ní 2012, Shut down kì í pa kọ̀ǹpútà tán mọ́. Wọ́n fi Fast Startup sí i. Tí ẹ bá tẹ Shut down, Windows á ti gbogbo ohun tí ẹ ṣí, àmọ́ á mú ìpìlẹ̀ ara rẹ̀, ìyẹn kernel àti àwọn dírafà, á kọ wọ́n sínú hiberfil.sys kan náà. Lọ́jọ́ kejì, dípò kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, á kàn kà wọ́n padà. Ìdí nìyẹn tó fi ń tàn kíákíá.

Ìdí nìyẹn náà tí ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń ṣe wérewère fi lè pa á, kó tún tàn án, kó sì bá wèrè náà níbẹ̀. Tí ẹ bá ṣí Task Manager, tí ẹ tẹ Performance, tí ẹ wo CPU, ẹ óò rí Up time. Ẹ̀rù á ba àwọn mìíràn láti rí i pé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pa ní alaalẹ́ ti wà láàyè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Restart ni kì í lo Fast Startup. Restart ló ń bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo lákọ̀tun, nítorí náà tí printer bá kọ̀, tí Wi-Fi bá sọnù, Restart ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe Shut down.

Tí ẹ bá fẹ́ pa á tán, ẹ di Shift mú lórí kíbọ́ọ̀dù kí ẹ tó tẹ Shut down. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni láyè láti tú u, láti fi RAM kún un, tàbí láti yọ dísìkì rẹ̀ lọ sínú kọ̀ǹpútà míì. Dísìkì tó wà nínú Hibernate gbà pé ohun gbogbo máa wà bí òun ṣe fi í sílẹ̀. Tí kọ̀ǹpútà míì bá ti kọ nǹkan sórí rẹ̀, ìgbà tó bá padà sílé lẹ máa rí ìjà. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sáwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní Windows àti Linux, ètò míì tó ń ṣe irú iṣẹ́ Windows, lórí láptọ́ọ̀pù kan: Linux á kọ̀ láti kọ nǹkan sórí C:, wọ́n á sì máa bú Linux. Windows ni kò tíì kúrò níbẹ̀. Flash drive náà ńkọ́? Ẹ má ṣe yọ ọ́ lára kọ̀ǹpútà tó ń sùn, tí fáìlì orí rẹ̀ bá ṣì wà ní ṣíṣí.

Èyí tó ń jí lóru

Kọ̀ǹpútà tó tan ara rẹ̀ láago méjì òru nínú pálọ̀ tó ṣókùnkùn lè dẹ́rù bani. Ẹ má tíì pe wòlíì. Aago méjì òru gan-an ni Windows fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìtọ́jú ara rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà. Lọ́jọ́ kejì, ẹ kọ powercfg /lastwake nínú cmd tí ẹ fi Run as administrator ṣí, á sọ ohun tó jí i kẹ́yìn. Powercfg /waketimers á sọ èyí tó ń dúró de àkókò rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ aago, ẹ lọ sínú Sleep ní fèrèsé advanced yẹn, ẹ sọ Allow wake timers di Disable. Tí ó bá jẹ́ mouse, bóyá eku gidi ló kọjá lórí tábìlì: ẹ ṣí Device Manager, ẹ wá mouse, ẹ wọ Power Management, ẹ yọ máàkì iwájú Allow this device to wake the computer. Kíbọ́ọ̀dù á ṣì máa jí i.

Èyí tí kò gbà láti sùn ńkọ́? Powercfg /requests á dárúkọ ẹni tó ń dí i lọ́wọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú ewé kan ni ẹ gbàgbé sínú Chrome, tó ń kọrin síbẹ̀ láì sí ohùn.

Ẹ̀yin tó ń lo MacBook, ẹ ò ní rí Hibernate níbì kankan, ẹ má wulẹ̀ wá a. Fúnra rẹ̀ ni láptọ́ọ̀pù Mac ń tọ́jú ẹ̀dà kan sórí dísìkì, á sì lò ó tí bátìrì bá tán.

Tí ẹ bá ti ṣètò tiyín tán, ẹ dán an wò kí iná tó dán yín wò. Ẹ Save gbogbo iṣẹ́ gidi ná. Ẹ ṣí Calculator, ẹ tẹ nọ́ńbà kan tí ẹ máa rántí síbẹ̀. Ẹ má lo Notepad, nítorí Notepad orí Windows 11 máa ń rántí ohun tí ẹ tẹ̀ fúnra rẹ̀, á sì tàn yín jẹ. Lórí dẹ́sítọ́ọ̀pù, ẹ tẹ Sleep, ẹ ka ọgọ́ta, ẹ wá yọ wáyà kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ yọ ṣájà, ẹ pa ìdérí dé, ẹ dúró títí iná ara rẹ̀ á fi kú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tàn án. Tí nọ́ńbà yẹn bá wà lójú Calculator, ètò yín ti dúró. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ powercfg /a, kí ẹ ka ìlà tó wà lábẹ́ Hibernate. Ìdí tí kò fi ṣiṣẹ́ á wà níbẹ̀.